Ekurá Ti Wà Níbẹ̀ Tẹ́lẹ̀

Bí ẹ bá ti ń lúwẹ̀ẹ́ nínú òkun tipẹ́, ó ṣeé ṣe kí ekurá ti gba ẹ̀gbẹ́ yín kọjá rí láìjẹ́ pé ẹ mọ̀. Mi ò sọ èyí láti fi já yín láyà. Ibẹ̀ ni mo rò pé ó yẹ kí ọ̀rọ̀ ẹja yìí, tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ sí ṣáàkì, ti máa bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe láti ibi eyín rẹ̀.

Ní gúúsù California, àwọn olùṣèwádìí láti yunifásítì ìpínlẹ̀ náà tó wà ní Long Beach gbé dúróònù, ẹ̀rọ tó ń fò tó sì ń ya fídíò, sókè lórí etíkun 26, láti ọdún 2019 títí wọ 2021. Àgbègbè méjì wà níbẹ̀ tí àwọn ọ̀dọ́ ekurá funfun ti máa ń kóra jọ. Ní àgbègbè méjèèjì yìí, nínú 100 ọjọ́ tí wọ́n bá fò ó, nǹkan bí 97 ni èèyàn àti ekurá jọ wà nínú omi kan náà, nítòsí ara wọn. Àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́ ò mọ̀. Ekurá mọ̀, ó sì ń bá tiẹ̀ lọ.

Ẹni tó bá ti wo irú fídíò bẹ́ẹ̀ á mọ ohun tí mò ń sọ. Ọkùnrin kan jókòó sórí pátákó tó fẹ́ fi gun ìgbì. Ó ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ omi, ó kọjú sí agbami, ó ń retí ìgbì tó máa bá a lára mu. Òjìji kan tó gùn ju òun alára lọ yọ láti apá òsì, ìrù rẹ̀ ń fì sọ́tùn-ún, ó ń fì sósì, wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó ń bọ̀ tààrà. Èmi tí mò ń wò ó lórí fóònù ni àyà mi ń lù kì kì kì. Ó gba abẹ́ pátákó náà kọjá, kò sáré, kò dúró, kò yí orí padà, ó sì gba ibi tó ń lọ lọ. Ọkùnrin yẹn ò tiẹ̀ wolẹ̀.

Kì í ṣe pé ẹja náà ò rí i o. Iwájú orí ekurá kún fún àwọn ihò tín-ín-tìn-tín tí nǹkan yíyọ̀ bí ilá kún inú wọn. Òun ló fi ń mọ iná mànàmáná kékeré tó máa ń jáde lára ohunkóhun tó bá ní iṣan tó sì ń mí. Ìlà kan tún wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti orí dé ìrù, tó fi ń mọ̀ bí omi bá mì láti ọ̀nà jíjìn. Ó ṣeé ṣe kí ekurá ti gbọ́ ọkùnrin yẹn kó tó dé abẹ́ pátákó rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹja ìsàlẹ̀ omi ni àwọn ọ̀dọ́ ekurá funfun ń wá kiri ní etíkun yẹn, pàápàá àwọn tó rí pẹlẹbẹ tó ń sùn nínú iyanrìn. Èèyàn ò sí lára oúnjẹ wọn.

Yunifásítì Florida ní àkọsílẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní International Shark Attack File. Ibẹ̀ ni wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ àwọn tí ekurá bù jẹ káàkiri ayé sí, wọ́n á sì ya àwọn tí kò tọ́ ẹja náà rárá sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tó di ìrù rẹ̀ mú tàbí tó ń yọ ìwọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ní ọdún 2023, 69 èèyàn ni ekurá bù jẹ láìjẹ́ pé wọ́n tọ́ ọ, 10 nínú wọn sì kú. Ní 2024, iye náà wálẹ̀ sí 47, àwọn 4 ló sì kú. Gbogbo ayé nìyẹn o, láti oṣù Kínní dé oṣù Kejìlá. Oríṣi ekurá tó wà nínú omi ayé lé ní 500, ṣùgbọ́n mẹ́ta péré ló ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú ikú yìí: ekurá funfun ńlá, tiger shark tí ara rẹ̀ ní ilà bíi ti ẹkùn, àti bull shark tó lè fi òkun sílẹ̀ kó wọ inú odò lọ.

Ibi tí àwọn kan máa ń dé nìyí tí wọ́n á fi rẹ́rìn-ín, tí wọ́n á ní àgbọn tó ń já lulẹ̀ ń pa èèyàn ju ekurá lọ, nítorí náà kí gbogbo wa lọ wẹ̀. Mi ò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yẹn rárá. Kò sí ẹni tó lè fi àkọsílẹ̀ gidi ti ọ̀rọ̀ àgbọn yẹn lẹ́yìn, èyí tó tún dùn mí jù ni pé wọ́n ń fi ìṣirò pa ẹnu ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ dé. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ wọ omi lọ́sàn-án tí kò jáde mọ́, kí ni ẹ fẹ́ fi 10 nínú bílíọ̀nù mẹ́jọ ṣe fún un?

Ìṣirò gbogbo ayé ní àbùkù mìíràn. Kì í ṣe ti etíkun kankan. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó wà láyé ò fẹsẹ̀ kan òkun lọ́dún yìí, a sì ti kà wọ́n mọ́ ọn. Ewu ekurá kò pín káàkiri ayé lọ́gbọọgba. Ibi kan ní in, ibi kan ò ní in. Ibi tó ní in pàápàá, ó ní wákàtí tó ní in àti wákàtí tí kò ní in. Láti ìgbà tí mo ti lóye èyí ni mi ò ti béèrè mọ́ pé ṣé ekurá léwu. Omi wo? Àkókò wo? Kí ni ẹja náà ń wá níbẹ̀?

Ẹ wo New Smyrna ní Florida. Ó ṣòro kí ọdún kan kọjá kí a má gbọ́ pé ekurá bu ẹnì kan jẹ níbẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀sà ti ń tú sínú òkun, omi rẹ̀ máa ń rú, ẹja wẹ́wẹ́ sì máa ń wọ́ gba ibẹ̀ bí eéṣú. Ekurá tó ń lé wọn kò tóbi. Nínú omi rírú yẹn, ó rí àtẹ́lẹsẹ̀ tó kọ mọ̀nà, ó gé e, ó mọ̀ pé kì í ṣe ẹja, ó sì tú u sílẹ̀. Wọ́n á rán ẹsẹ̀ ẹni náà, á padà sílé. Ó dunni, ó sì ń ba èèyàn lẹ́rù, ṣùgbọ́n kì í sábà pani.

Ẹ wá wo erékùṣù Réunion nínú Òkun Íńdíà, tó wà lábẹ́ ìjọba Faransé. Àwọn èèyàn ibẹ̀ ò tó mílíọ̀nù kan, síbẹ̀ láti 2011 sí 2019, èèyàn 11 ni ekurá pa níbẹ̀. Ní 2013 ìjọba fòfin de ìlúwẹ̀ẹ́ àti fífi pátákó gun ìgbì ní gbogbo ibi tí kò bá sí òkìtì iyùn òkun (coral reef) tó dáàbò bo omi ibẹ̀ tàbí ẹ̀ṣọ́ tó ń mójú tó o. Bí ẹ bá sọ ọ̀rọ̀ àgbọn fún ará Réunion, ẹ máa rí ìbínú. Ẹ̀rù tó ń bà wọ́n ní ìdí.

Nígbà míì sì rèé, ọwọ́ èèyàn ni ewu náà ti wá. Ní Recife lórílẹ̀-èdè Brazil, a kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ irú ẹ̀ pé ekurá bu ẹni tó ń lúwẹ̀ẹ́ jẹ tẹ́lẹ̀. Láti 1992 ló ti di lemọ́lemọ́, títí iye àwọn tó bù jẹ fi kọjá 60, tí àwọn tó kú sì lé ní 20. Àwọn onímọ̀ tó yẹ ọ̀rọ̀ náà wò tọ́ka sí ibùdókọ̀ ojú omi ńlá tí wọ́n kọ́ sí Suape, ní gúúsù ìlú náà. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ omi, wọ́n dí ẹnu odò, wọ́n sì ba ibi tí bull shark ti máa ń bímọ jẹ́. Ekurá ò lè jókòó síbi tí kò sí mọ́, ó gba etíkun lọ sókè. Ihò omi tó jìn kan sì lọ gbọọrọ lẹ́bàá etíkun Boa Viagem, tí ẹja ńlá lè gbà dé ẹ̀gbẹ́ ẹni tó dúró sínú omi tó mọ níwọ̀n ìbàdí.

Ti Sharm el-Sheikh ní Íjíbítì ló máa ń wà lọ́kàn mi jù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá 2010, ekurá bu àwọn àlejò mẹ́rin jẹ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Wọ́n ti etíkun pa, wọ́n lọ mú ekurá méjì, wọ́n pa wọ́n, wọ́n sì ní kí àwọn èèyàn padà sínú omi. Kò pẹ́ sígbà yẹn ni ekurá pa obìnrin ará Jámánì kan nítòsí etíkun. Nígbà tí àwọn ògbógi wá wò ó, ohun tí wọ́n sọ kò jọ ìtàn ẹja apààyàn kankan: wọ́n ti pa ẹja inú omi yẹn ní àpajù, àwọn kan ń fi oúnjẹ fa ekurá mọ́ra kí àwọn olùmòòkùn lè rí i, ọkọ̀ tó ń kó àgùntàn sì ti ju òkú ẹran sínú òkun. Ẹni tó bá fi oúnjẹ kọ́ ẹranko pé ọwọ́ èèyàn ni oúnjẹ wà, kí ló rò pé yóò ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀?

Àwọn kan máa ń sọ pé ńṣe ni ekurá ń ṣi èèyàn mú fún ẹran tó ń jẹ. Irú àṣìmọ̀ bẹ́ẹ̀ wà lóòótọ́. Ní 2021, àwọn olùṣèwádìí ní Yunifásítì Macquarie ní Ọsirélíà fi hàn pé lójú ọ̀dọ́ ekurá funfun tó ń wòkè láti ìsàlẹ̀, òjìji ẹni tó ń lúwẹ̀ẹ́ kò yàtọ̀ sí ti séèlì, ẹranko omi tí ekurá funfun tó ti ń dàgbà máa ń jẹ. Kò ríran kedere tó wa, kò sì mọ àwọ̀ yà sọ́tọ̀. Èyí bá ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Cape Cod mu, ní etíkun ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà. Láti ìgbà tí òfin Amẹ́ríkà ti ọdún 1972 ti dáàbò bo àwọn séèlì ni wọ́n ti padà pọ̀ sí i níbẹ̀, ekurá funfun sì tẹ̀ lé oúnjẹ rẹ̀ wá. Ní 2018, ekurá pa ọkùnrin kan ní Wellfleet, ìlú kan níbẹ̀. Ṣáájú ìgbà yẹn, láti 1936 ni ekurá ò ti pa ẹnikẹ́ni ní ìpínlẹ̀ náà.

Bí irú ẹ̀ bá ti ṣẹlẹ̀ báyìí, ohun àkọ́kọ́ tí àwọn èèyàn máa ń fẹ́ ni kí ìjọba pa nǹkan. Mo mọ ibi tí ìfẹ́ yẹn ti ń wá, mi ò sì bá wọn wí. Ṣùgbọ́n wọ́n ti gbìyànjú rẹ̀ wò. Ní Hawaii, láti 1959 sí 1976, ìjọba san owó kí wọ́n fi pa ekurá 4,668. Iye èèyàn tí ekurá ń bù jẹ ò dín kù. Ní ìwọ̀ oòrùn Ọsirélíà ní 2014, wọ́n fi ìwọ̀ ńlá tó ní ìjẹ sínú omi nítorí àwọn tí ekurá funfun ti pa. Ekurá 172 ló kọ́ wọn, wọ́n yìnbọn pa 68, ekurá funfun ẹyọ kan ò sì sí nínú gbogbo rẹ̀. Ní New South Wales, ìpínlẹ̀ mìíràn ní Ọsirélíà, àwọ̀n ni wọ́n ń lò láti 1937. Ọ̀pọ̀ tó bá gbọ́ àwọ̀n máa rò pé ògiri ni, tó pààlà sáàárín wọn àti agbami. Àwọ̀n náà gùn ní 150 mítà, ó ga ní mítà 6, nínú omi tó jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ekurá lè gba òkè rẹ̀, ó lè gba abẹ́ rẹ̀, ó lè gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nǹkan bí 40 nínú 100 ekurá tó há sínú rẹ̀ ló jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ etíkun ni wọ́n ti há, nígbà tí wọ́n ń padà lọ. Wọ́n ti lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́, wọ́n sì ti kúrò níbẹ̀, láìṣe ẹnikẹ́ni léṣe. Ìjàpá òkun àti dọ́fíìnì náà ń kú sínú rẹ̀.

Ó ń dùn mí. Mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́ bó ṣe rí lára mi. Ìṣirò kan tó jáde ní 2013 fi iye ekurá tí èèyàn ń pa lọ́dún kan sí nǹkan bí 100 mílíọ̀nù, púpọ̀ nínú rẹ̀ nítorí lẹbẹ tí wọ́n fi ń se ọbẹ̀ àti nítorí àwọ̀n tí wọ́n fi ń wá ẹja mìíràn. Láti 1970, ekurá àti àwọn ìbátan rẹ̀ tó ń gbé agbami ti dín kù ní ìdá 71 nínú 100. Abo ekurá funfun lè lé ní 30 ọdún kó tó bímọ àkọ́kọ́. Ẹja tó ń dàgbà lọ́ra tó báyìí, bí ẹ bá pa á, ẹ ò ní rí àrọ́pò rẹ̀ kíákíá.

Èyí tí mo rò pé ó gbọ́n jù nínú gbogbo ohun tí mo ti kà ni ti Cape Town ní Gúúsù Áfíríkà. Láti 2004 ni àwọn kan tí wọ́n ń pè ní Shark Spotters ti ń jókòó sórí òkè tó dojú kọ etíkun Muizenberg àti Fish Hoek. Wọ́n fi ìwo-awò-jíjìn sójú, wọ́n ń wo omi láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Àsíá mẹ́rin ni wọ́n ní. Bí ó bá jẹ́ àwọ̀ ewé, omi mọ́, wọn ò rí nǹkan kan. Bí ó bá dúdú, omi rú, wọn ò lè ríran dáadáa, ẹ ṣe bí ẹ ti fẹ́. Bí ó bá pupa, wọ́n rí ekurá láìpẹ́, ṣùgbọ́n wọn ò mọ ibi tó wà báyìí. Bí ó bá funfun pẹ̀lú àwòrán ekurá dúdú lára rẹ̀, tí fèrè ìkìlọ̀ sì ń dún, ẹ jáde. Ẹ kíyè sí àsíá dúdú yẹn. Ilé iṣẹ́ mélòó ló lè jáde sọ fún aráyé pé, lónìí, a ò ríran? Kò sí ẹja tó kú, kò sí èèyàn tí wọ́n tàn jẹ.

(Nísinsìnyí, ekurá funfun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dàwátì nínú omi yẹn. Ní 2017, òkú ekurá funfun bẹ̀rẹ̀ sí í gúnlẹ̀ sí Gansbaai, kò jìnnà síbẹ̀, láìsí ẹ̀dọ̀ nínú wọn. Àwọn orca méjì, ìyẹn ẹranko òkun ńlá tó máa ń ṣọdẹ, tí àwọn èèyàn sọ ní Port àti Starboard, ni wọ́n ń fà wọ́n ya tí wọ́n sì ń jẹ ẹ̀dọ̀ wọn. Ẹja tí gbogbo ayé ń sá fún náà ní ẹni tó ń sá fún.)

Ohun tó wà nínú omi tó yẹ kó máa bà wá lẹ́rù jù kò ní eyín rárá. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé nǹkan bí 300,000 èèyàn ló kú sómi ní 2021, ní odò, ní kànga, ní adágún, ní òkun. Ní etíkun tó ní ìgbì, omi tó ń fa èèyàn lọ sí agbami ló ń ṣiṣẹ́ ibi jù. Àwọn ẹ̀ṣọ́ omi ní Amẹ́ríkà fojú bù ú pé ó ń pa ju 100 èèyàn lọ lọ́dún lórílẹ̀-èdè wọn nìkan, ó sì lé ní mẹ́jọ nínú mẹ́wàá àwọn tí wọ́n ń fà yọ ní etíkun bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé òun ló gbé wọn. A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa làpálàpá.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Ìgbì ń da omi sí èbúté léraléra, omi yẹn gbọ́dọ̀ padà. Ó máa ń wá ibi tí iyanrìn ìsàlẹ̀ ti lu, á sì gba ibẹ̀ tú jáde pẹ̀lú agbára. Ẹni tó dúró sí èbúté máa rí ibì kan tí ìgbì kì í fọ́, tí omi rẹ̀ dúdú díẹ̀, tó sì parọ́rọ́ ju ọ̀tún àti òsì lọ. Ìyá tó ní ọmọ kékeré lọ́wọ́ máa ń yan ibẹ̀ gan-an, nítorí ó jọ pé ibẹ̀ ló rọ̀ jù. Omi yẹn ò ní fà yín sísàlẹ̀, agbami ló máa gbé yín lọ. Ẹni tó bá kọjú sí èbúté tó ń bá a jà, apá rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ kú. Ẹni tó bá fara balẹ̀, tó léfòó, tó na ọwọ́ sókè pe ẹ̀ṣọ́, tàbí tó lúwẹ̀ẹ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́, tó jẹ́ kí èbúté wà lápá kan rẹ̀, á bọ́ nínú rẹ̀.

Èmi ò yé wọ òkun, mi ò sì ní yé. Àwọn nǹkan tí mò ń ṣe kò pọ̀. Mi ò kí ń wọ omi ní ìdájí tàbí ní àṣálẹ́, ìgbà tí ọ̀pọ̀ ekurá ń jẹun. Mi ò kí ń lọ sí ẹnu odò lẹ́yìn òjò ńlá. Bí mo bá rí ẹyẹ tí wọ́n ń rọ́ lu omi níbì kan, ẹja ló wà níbẹ̀, ohun tó ń jẹ ẹja sì lè wà níbẹ̀ pẹ̀lú, mo máa jáde. Bí apẹja bá ń da ìjẹ sómi, mo gba ibòmíràn lọ. Rodney Fox tí ekurá funfun fẹ́rẹ̀ẹ́ fà ya ní gúúsù Ọsirélíà ní 1963, ìdíje fífi ọ̀kọ̀ gún ẹja lábẹ́ omi ló wà, ẹ̀jẹ̀ ẹja wà nínú omi yí wọn ká. Ó yè é, ó sì wá di ẹni tó ń gbèjà ekurá. Mo máa ń bi ẹ̀ṣọ́ etíkun ní ìbéèrè kí n tó bọ́ bàtà: níbo ni omi ti ń fa èèyàn lónìí, kí ni ẹ sì rí láàárọ̀? Wọ́n máa ń dáhùn, inú wọn sì máa ń dùn pé ẹnì kan béèrè.

Bí ó bá sì ṣẹlẹ̀ tí ẹja bu ẹnì kan jẹ níṣojú yín, ẹ̀jẹ̀ ni ọ̀tá. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ń kú, ẹ̀jẹ̀ ló tán lára wọn. Ẹ gbé e kúrò nínú omi, kí ẹnì kan máa pe ilé ìwòsàn, kí ẹnì kejì fi aṣọ tẹ ojú ọgbẹ́ mọ́lẹ̀ gírígírí, kó má ṣe ṣí i wò. Bí ó bá jẹ́ apá tàbí ẹsẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ò dúró, kí wọ́n fi ohun tó nípọn di apá tàbí ẹsẹ̀ náà pinpin lókè ọgbẹ́, ní ìhà tó sún mọ́ ara, kí wọ́n má sì tú u títí dókítà fi máa dé. Lẹ́yìn ikú ọdún 2018 yẹn, wọ́n gbé àpótí tí ohun ìdáẹ̀jẹ̀dúró wà nínú rẹ̀ sí ọ̀pọ̀ etíkun Cape Cod, níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè ṣí i. Ó wúlò fún ẹni tí igò fọ́ gé lẹ́sẹ̀ àti ẹni tí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe léṣe. Bí ẹ bá dé etíkun tó ní irú rẹ̀, ẹ wo ibi tó wà kí ẹ tó bọ́ aṣọ.